Ìdá Ṣáínà àti EU nínú gáàsì tó ń mú ayé gbóná: 30 ni àbí 34?

Tísà_Jọ́gíráfì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tábìlì kan ló dá mi dúró, àwọn ọmọ SS2 ni mo fẹ́ fi kọ́. Ọdún 2023 ni gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, láti inú EDGAR, àkójọ nọ́ńbà nípa gáàsì tí orílẹ̀-èdè ayé ń tú jáde. Níbì kan, Ṣáínà kó ìdá 30.1 nínú ọgọ́rùn-ún, EU (Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) kó 6.1. Níbòmíràn, Ṣáínà di 34, EU di 6.4. Èwo ni kí n kọ sójú pátákó? Ṣé mo sì lè fi Jámánì sábẹ́ EU?

Àkànjí: Méjèèjì tọ́, ohun tí wọ́n kà ni kò dọ́gba. 30.1 jẹ́ ti gbogbo gáàsì: bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 15.94 nínú 53. 34 jẹ́ ti CO2 (gáàsì carbon dioxide) nìkan, 13.26 nínú 39.02. Èédú ni Ṣáínà fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná rẹ̀, CO2 ló sì ń ti ara èédú jáde jù. Ìdí nìyẹn tí ìdá rẹ̀ fi ń ga nígbà tí a bá yọ gáàsì yòókù. Ti Bràsíìlì yàtọ̀ pátápátá: bíi 1.2 ní CO2, bíi 2.5 ní gbogbo gáàsì, nítorí methane, gáàsì mìíràn tó ń ti ara màlúù jáde.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe sọ gáàsì yòókù di CO2. Tọ́ọ̀nù methane kan dúró fún tọ́ọ̀nù CO2 28, ti nitrous oxide (gáàsì mìíràn) fún 265. Tábìlì àtijọ́ lo 25 àti 298, ẹ má dà wọ́n pọ̀ rárá. Igbó gígé kò sí nínú nọ́ńbà wọ̀nyí. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ti Bràsíìlì yóò tún ga sí i.

Àbẹ̀kẹ́_Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣọ́ra fún ààlà, ibẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Yúróòpù kọ́ ni EU. Ọ̀pọ̀ tábìlì ka Rọ́ṣíà mọ́ Yúróòpù, kò sì sí nínú EU. Ìlú Ọba jáde ní January 31, 2020. Ẹni tó bá fi EU onórílẹ̀-èdè 28 ti ìgbà yẹn wé ti 27 tó kù, yóò rò pé gáàsì ló dín kù, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé ẹrù tirẹ̀ lọ. 27 kan náà ni kí ẹ lò láti 1990. Jámánì lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ "ó wà nínú EU" sí i, ẹ má rò ó mọ́ àpapọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti orí ẹnì kọ̀ọ̀kan kún un: Ṣáínà bíi tọ́ọ̀nù 11, EU bíi 7. Ìdá nìkan kì í sọ bí èèyàn ṣe pọ̀ tó.

Tísà_Jọ́gíráfì: Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo bá fẹ́ fi orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà wé Áfíríkà ńkọ́?

Àkànjí: CO2 nìkan ni kí ẹ fi ṣe é. Áfíríkà lápapọ̀ ń tú bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.4 jáde lọ́dún, kò pé ìdá 4 ti ayé. Gúúsù Áfíríkà nìkan ń tú bíi mílíọ̀nù 400, tó sún mọ́ ìdá 30 ti Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kò pé ìdá 5. Èédú náà ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wá fi wé bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan tó kù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú Áfíríkà, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ ń fi wé ara rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì bo ti Nàìjíríà àti àwọn yòókù mọ́lẹ̀.