Ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ kì í ṣe ilé ìkàwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìwé ìpolongo tí ẹ kọ fún sinimá tí wọ́n fẹ́ fi hàn ní mùsíọ̀mù Òṣogbo: "Àfihàn sinimá àwámárìídìí olómìnira nípa ilé ìkàwé àtijọ́." Ẹ ṣeun tí ẹ kò kàn da èdè òyìnbó sínú rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ ká tún àwọn ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò.

"Ilé ìkàwé àtijọ́" ló ká mi lára jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ilé ìkàwé kan tó ti ń wó lọ ni. Ákáífù, ìyẹn ilé tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àti fáìlì àtijọ́ ti ìjọba sí, ni sinimá náà dá lé: obìnrin kan ń wá lẹ́tà kan tó sọnù láàárín fáìlì ìjọba. Bí ikán bá jẹ ìwé ilé ìkàwé, a lè ra òmíràn. Lẹ́tà tí ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ kọ lè má ní ìkejì láyé. Ilé ìkàwé tún máa ń to ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìwé ń sọ. Ọ́fíìsì tó ni ìwé ni ákáífù ń wò kó tó tò ó.

Ẹ wo ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Òṣogbo ayé òyìnbó níbẹ̀, tó ń béèrè Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òfo ni yóò bá, torí ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Abẹ́ "Oshun Div" tàbí "Oyo Prof", ìkékúrú orúkọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó, ni kó wò, kó sì rántí pé "Oshogbo" ni wọ́n ń kọ nígbà náà. Yóò ka ìwé atọ́nà, yóò da orúkọ ọ́fíìsì àti nọ́ńbà fáìlì kọ sórí pépà ìbéèrè, yóò wá jókòó dè é. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń lò nírú ilé bẹ́ẹ̀, kí yíǹkì má baà ta sí ìwé. Bí ẹnì kan bá dá fáìlì padà sínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ ṣì wà nínú ilé.

"Ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀" ni mo fara mọ́. Àwọn kan ní "ìpamọ́" dà bí ohun tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ṣé torí pé a ń pe báńkì ní ilé ìfowópamọ́ la ò ṣe ń gba owó wa níbẹ̀ ni? Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ákáífù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ò bá a jà. Ọ̀rọ̀ àyálò náà lè di tiwa: ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Dúró Ládípọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo ní 1962, ẹnu ará ìlú ló sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, ó sì nítumọ̀ létí wọn: bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Ákáífù kò tíì rí irú etí bẹ́ẹ̀.

"Àwámárìídìí" ni ohun tí a wá tí a kò rí ìdí rẹ̀. Obìnrin yìí rí ìdí tirẹ̀. "Àdììtú" ní àléébù kan náà, "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" sì ń rán wa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tọ ipasẹ̀: òǹtẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá ti lẹ́tà mu, ihò tí píìnì tó dípẹtà fi sílẹ̀, nọ́ńbà ewé tó fò láti 41 bọ́ sí 43. Sinimá ìtọpasẹ̀ ni.

"Olómìnira" ń mú 1960 wá síni lọ́kàn, "aládàáṣe" tó fún sinimá tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní mùsíọ̀mù, "àfihàn" ni ohun tí wọ́n tò fún wa láti wò, àwọn èèyàn á rò pé ère ni wọ́n fẹ́ wá wò. "Ẹ wá wo sinimá" kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ ó kà báyìí: "Ẹ wá wo sinimá ìtọpasẹ̀ aládàáṣe kan, lórí lẹ́tà tó sọnù nílé ìpamọ́ àkọsílẹ̀." Ó ku orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ibẹ̀. "Olùtọ́jú àkọsílẹ̀" ló wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó lọ tẹ ìwé náà.