Títọpa àwòrán tí ìjọba Násì kó lọ́dún 1937: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọỌ̀dà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwòrán kan tí Emil Nolde, ayàwòrán ọmọ Jámánì, yà ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Inú mùsíọ́ọ̀mù kan ní Jámánì ló wà títí ìjọba Hitler fi kó o lọ́dún 1937, pé ó wà lára iṣẹ́ ọnà òde òní tí wọ́n pè ní “ọnà tó ti bàjẹ́”. Báwo ni mo ṣe máa mọ ọwọ́ tó bọ́ sí lẹ́yìn náà? Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè Jámánì?

Alákọsílẹ̀: Àbúrò, kọ́kọ́ mọ ìlú tí mùsíọ́ọ̀mù náà wà, torí orúkọ ìlú ni wọ́n fi to ìwé tó o máa wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ ọnà tí ìjọba Násì kó. Ilé iṣẹ́ ìpolongo tí Goebbels, mínísítà Hitler, ń darí ló taípù rẹ̀ ní nǹkan bí 1942, iṣẹ́ ọnà tó lé ní 16,000 ló wà níbẹ̀. Ìdìpọ̀ kìíní, Aachen dé Greifswald. Ìkejì, Göttingen dé Zwickau. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó pé wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, o sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tó o bá rí ìlú, wá Nolde. Wo nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà lórí ìlà àwòrán náà: V, wọ́n tà á, T, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, X, wọ́n bà á jẹ́. Orúkọ oníṣòwò lè tẹ̀ lé e, bíi Gurlitt tàbí Böhmer. Fi nọ́ńbà yẹn wá a nínú àkójọ ti Freie Universität Berlin, kó o sì fi wé èyí tó wà lẹ́yìn àwòrán. Má gbára lé àkọlé nìkan o: òdòdó tí Nolde yà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kó sì lé ní 1,000. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Násì lòun fúnra rẹ̀!

ÒǹkàwéÀtijọ́: Má gba X yẹn gbọ́ tán. Lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ rélùwéè níwájú gbọ̀ngàn ìlú Berlin, wọ́n hú àwọn ère tí wọ́n ti gbà pé ó ti ṣègbé, títí kan Oníjó tí Marg Moll ṣe.

Èdè Jámánì? Dandan ni, àti Sütterlin pẹ̀lú, ìyẹn ìkọ̀wé ọwọ́ àtijọ́ ti àwọn ará Jámánì. “e” rẹ̀ jọ “n” gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣi orúkọ èèyàn kà.

Alákọsílẹ̀: Ohun kan ṣẹ́ kù: yẹ ìwé mùsíọ́ọ̀mù wò bóyá wọ́n ra àwòrán náà ni tàbí ẹnì kan kàn yá wọn. Òfin May 31, 1938 fọwọ́ sí gbígbà láìsan kọ́bọ̀, wọn ò sì fagi lé e lẹ́yìn ogun, torí náà mùsíọ́ọ̀mù kì í sábà rí tirẹ̀ gbà padà. Ti ẹni àdáni yàtọ̀. Sophie Lissitzky-Küppers ló yá mùsíọ́ọ̀mù Hannover ní *Sumpflegende*, àwòrán tí Paul Klee yà, lọ́dún 1926. Ó di 2017 kí ìlú Munich, níbi tí àwòrán náà wà, tó bá àwọn ajogún Sophie yanjú ọ̀rọ̀ náà.