Gradient descent há sí clause mẹ́ta lórí 3-SAT: kí ni kí n yí padà?

OníKóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o. 3-SAT ni mò ń yanjú: kí variable kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 (òótọ́) tàbí 0 (irọ́), kí gbogbo clause lè jẹ́ òótọ́. Clause ni mẹ́ta tí a fi ∨ (“tàbí”) so pọ̀, ¬ sì ni “kì í ṣe”. Variable 200, clause 840, CNF (àkójọ clause) tí a ṣà ní rándọ́ọ̀mù. Mo jẹ́ kí variable x kọ̀ọ̀kan máa rìn láàárín 0 sí 1. Fún clause (a ∨ b ∨ ¬c), àṣìṣe tí mo ń kà ni (1−a)(1−b)c, mo wá ro gbogbo wọn pọ̀. 0.5 ni gbogbo x fi bẹ̀rẹ̀, àròpọ̀ sì jẹ́ 105. Gradient descent (yíyí x díẹ̀díẹ̀ síbi tí àròpọ̀ á ti kéré sí i) ń mú un já wálẹ̀ dáadáa, àmọ́ tó bá ti ku 3, kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Ṣé kí n dín step (bí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó) kù ni?

Ìṣirò_Lásán: Step kọ́. Ẹ wo (x ∨ y) àti (¬x ∨ y): (1−x)(1−y) + x(1−y) = 1−y. x ti pòórá, kò sí ohun tó máa tì í síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní 0.5 tiyín: variable tí iye ìgbà tó fara hàn pẹ̀lú ¬ bá bá èyí tí kò ní ¬ dọ́gba, gradient rẹ̀ (ohun tó ń sọ ibi tó yẹ kó yí sí) jẹ́ 0. Ẹ fi nọ́mbà rándọ́ọ̀mù kékeré, bíi ±0.05, kún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì dúró de 0. Tí àròpọ̀ bá ti kéré sí 1, ẹ mú x lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tì í sí 0 tàbí 1, èyíkéyìí tí àròpọ̀ rẹ̀ bá kéré jù. Kò ní lè ga sí i, òdo ló máa já sí.

Clause_Wúwo: Ibi tó há gan-an, ìwọ̀n ló ń tú u. Ercsey-Ravasz àti Toroczkai gbé e jáde ní 2011: clause kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n a tirẹ̀, tó ń pọ̀ sí i níwọ̀n a×K, K ni àṣìṣe clause náà. Èyí tó bá ń ṣagídí á wúwo títí tí àwọn yòókù á fi yà fún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n yìí ń fò sókè kíákíá. Tí step bá dúró sójú kan, x á máa fò láti etí dé etí. Step tó ń yí ara rẹ̀ padà ni kí ẹ lò.

Kissat_Kọ́kọ́: Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn: 840 ÷ 200 jẹ́ 4.2, ó sún mọ́ 4.27 tí 3-SAT rándọ́ọ̀mù ti le jù. Ó lè jẹ́ pé kò tiẹ̀ ní ojútùú, gradient ò sì lè sọ ìyẹn fún yín láéláé. Ẹ sọ fáìlì náà sínú Kissat tàbí CaDiCaL, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń yanjú SAT. Variable 200 ò tó nǹkan fún wọn. Tí ó bá ní UNSAT (kò ní ojútùú), ẹ yí seed (nọ́mbà tí rándọ́ọ̀mù fi ń bẹ̀rẹ̀) padà.

Ní tèmi, XOR (òótọ́ ni tí iye variable tó jẹ́ òótọ́ bá jẹ́ 1, 3, 5 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) ni ọ̀nà gradient yìí ti wúlò jù. XOR variable 10 gba clause 512 nínú CNF, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ±1 dípò 0 àti 1, ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo ni. Ohun tí FourierSAT, ètò SAT tó ń lo gradient, ń jẹ nìyẹn.