Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n kọ orúkọ sílẹ̀ fún ilé Habitat, àbí kí n gbọ́ ti ọkọ mi?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Atlanta ni mo wà. Inú yàrá méjì ni àwa márààrún ń gbé, lánlọ́ọ̀dù ò sì jẹ́ kí ọdún kan kọjá kó má fowó lé owó ilé. Ògiri yàrá àwọn ọmọ kì í gbẹ, ó ti hu nǹkan dúdú, àbíkẹ́yìn mi tó ní ikọ́ fée ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù.

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi nípa Habitat for Humanity, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tí owó wọn ò pọ̀ kọ́lé. Ọkọ mi ní òun ò gba sàráà, pé ṣé a ti di alágbe ni. Èmi náà, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, wọ́n sì ní a gbọ́dọ̀ bá wọn ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ náà. Ta ló ti ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìnira ilé o, ìyàwó wa. Mo ṣe é. Ọ̀fẹ́ kọ́ rárá! Oṣooṣù lẹ máa máa sanwó, àmọ́ iye tó ń wọlé fún yín ni wọ́n á wò. Kì í sábà ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Wákàtí tẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Èmi ò ru pákó kankan: ọ̀dà ni mo kùn, mo sì bá wọn tajà ní ReStore, níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn àti àga táwọn èèyàn fi tọrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó arúgbó tí mi ò mọ̀ rí ló ń kan ìṣó mọ́ òrùlé mi láàárọ̀ Sátidé. Ojú tì mí, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ.

Bàbá Àgbà: Ọmọ mi, sọ fún ọkọ rẹ pé ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi ń kọ́lé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a po amọ̀, ìyá mi gbọ́únjẹ fún wọn. Ta ló pè é ní alágbe? Georgia yín níbẹ̀ náà, ní Americus, ni Millard Fuller àti Linda ìyàwó rẹ̀ ti dá a sílẹ̀ ní 1976. Olóògbé Jimmy Carter tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kan ìṣó ní 1984. Ní 2019, ẹni ọdún 95, ó ṣubú nílé, wọ́n rán iwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ ó lọ kọ́lé ní Nashville.

Ọmọ Èkó ní Houston: Ẹ má fi ìkánjú tọwọ́ bọ̀wé o. Tiwa ní gbèsè kejì lórí ilé: a ò san kọ́bọ̀ níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tá a bá ń gbé e, àmọ́ tá a bá fẹ́ tà á, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Owó orí ilé náà wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa gíríìnì káàdì pẹ̀lú.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí ọkọ mi létí, kò fọhùn. Ẹ̀yìn oúnjẹ ló tó bi mí pé ṣé òòlù wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, àbí kóun mú tòun dání.