Ta ni for /f ti fojú ẹ̀ rí màbo?

Atọ́kùn: Ẹ wá sọ tiyín. Èmi ń fi for /f, àṣẹ batch tó ń ka fáìlì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ka oruko.txt, mo ní kó máa ka ìlà bó ṣe ń lọ. Mo ti fi 0 bẹ̀rẹ̀ iye. Nínú àkámọ́, mo kọ set /a iye+=1 (kó fi 1 kún iye), mo tún kọ echo %iye%. 0, 0, 0 ló ń tò sílẹ̀ títí fáìlì fi tán. Lẹ́yìn tí lúùpù parí, mo ní kó kọ iye, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ! Àǹjọ̀nú ni àbí kí ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kò sí àǹjọ̀nú níbẹ̀. Kí lúùpù tó gbéra ni cmd, ojú ibi tí Windows ti ń gba àṣẹ, ti ka gbogbo inú àkámọ́ tán, tó sì ti fi 0 dípò %iye%. Kọ setlocal enabledelayedexpansion sókè, kí o wá lo !iye!, kó lè máa wo iye bí lúùpù ṣe ń yí. Ó tán.

Ìyá Ìbejì: Ó tán kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe síbi script tó ń to ìkíni ọjọ́ ìbí fáwọn òṣìṣẹ́. Inú fáìlì: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí! Ẹ̀mí yín á gùn!" Èyí tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí". Ohun tó bá bọ́ sáàárín ! méjì, orúkọ variable ló kà á sí. Variable ọ̀hún ò sì sí, ló bá nù ún dànù.

Aláròyé: Ẹ gba ẹ̀mí gígùn lọ́wọ́ ọ̀gá, mà 😂😂

Dúdú: Ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀gá ní "o ṣeun". Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má bínú, mà. Ẹ yọ setlocal kúrò lókè. Nínú lúùpù, ẹ kọ́kọ́ set "ila=%%a", lẹ́yìn náà setlocal enabledelayedexpansion, echo(!ila!, kí ẹ wá fi endlocal tì í.

Atọ́kùn: Tí set /a mi bá wá bọ́ sáàárín méjèèjì ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: endlocal á gbé e lọ. Jẹ́ kó ṣáájú setlocal.

Aláròyé: Ẹ lo PowerShell, èdè script Windows tó dé lẹ́yìn cmd.

Dúdú: Wọ́n tún ti dé. Ó ti wà láti 2006, a gbọ́. Níbi iṣẹ́ tiwa, wọ́n ti tì í pa.

Akọ̀wé: Ẹ dúró ná. Ẹ tó lámì nísàlẹ̀ jáde dáadáa ní cmd? Irọ́ ni. Wúruwùru ni tèmi ń kọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ chcp 65001 kí cmd lè lo UTF-8, ìlànà kíkọ lẹ́tà tó gba àmì wa, kí fáìlì náà sì jẹ́ UTF-8. Èmi kì í parọ́.

Ẹlẹ́ran: Iye tèmi kì í bá ti Notepad mu. for /f ń fo ìlà òfìfo, ó sì ń fo èyí tó bá fi ; bẹ̀rẹ̀. findstr /n "^", tó ń fi nọ́ńbà síwájú gbogbo ìlà, ni mo fi mú un.

Dúdú: call echo %%iye%% náà ń ṣiṣẹ́ o, láìsí ! rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó lọ́ra jù.

Dúdú: Fáìlì onílà ogún? Níbo lò ń sáré lọ?