Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹ́ńjìnnì yìí ní àdàlù

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá àbá pé kí á máa pe díísù mild hybrid, ìyẹn mọ́tò onídíísù tí iná mànàmáná díẹ̀ ń ran ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́, ní "díísù àdàlù lọ́wọ́ọ́wọ́" ṣeun púpọ̀, torí àwọn mọ́tò náà ti ń wọ̀lú, a ò sì tíì fẹnu kò lórí orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú fò mí, n kò lè fara mọ́ ọn. L'Ékòó níbí, bí ẹ bá ti fi àdàlù kún díísù, epo tí wọ́n bu nǹkan mìíràn mọ́ ni gbogbo ayé máa gbọ́. Oníbàárà á bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́wọ́ọ́wọ́ ńkọ́? Omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló nìyẹn.

Àbúrò tó ní kí á sọ pé "ẹlẹ́ńjìnnì méjì" náà kò tọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ rẹ́wáyà mi ní Ládípọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ onídíísù kan, ó fìka kan nǹkan róbótó tí bẹ́líìtì kọ́ lọ́rùn. Ó ní: "Ẹ ó rò pé àlùtánétọ̀ lásán ni. Òun ló ń ṣáájì bátìrì, òun náà ló tún ń jí ẹ́ńjìnnì. Kì í dá gbé mọ́tò rìn o, ó kàn ń bá a tì í lẹ́yìn ni."

Ó ń bá a tì í lẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri rèé, lẹ́nu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì. Iná fóòtì 48 ni ohun náà ń lò. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, á kó agbára tó fẹ́ ṣòfò sínú bátìrì kékeré kan. Bí ó bá tún tẹná, á dá a padà fún ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì díísù bá ń mí gúlegúle láti sáré lójijì ni gáàsì nitrogen oxide tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ máa ń pọ̀ lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Òfin Euro 6 ti Yúróòpù já ìwọ̀n gáàsì yìí wálẹ̀ láti míligíráàmù 180 sí 80 ní kìlómítà kan, láti 2017 ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n lójú títì gan-an, kì í ṣe nínú ilé àyẹ̀wò nìkan. Àtìlẹ́yìn iná yẹn ń dín wàhálà ẹ́ńjìnnì kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì nílò omi yúríà tó ń fọ gáàsì náà.

Nítorí náà, "díísù oníná-àtìlẹ́yìn" ni mo fara mọ́. Kí á fi "elépo-oníná" sílẹ̀ fún èyí tó lè fi iná nìkan rìn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ olóṣèlú ni àtìlẹ́yìn, kí ó bi ẹnikẹ́ni tó ti bá wọn ti dáńfó rí ní Ojúẹlẹ́gba. Ẹ sì jẹ́ kí á ṣọ́ra fún "èéfín" nígbà tí a bá ń túmọ̀ òfin yìí, torí gáàsì tí a kì í sábà fojú rí wà nínú ohun tí òfin náà ń dè. "Ẹ̀gbin sàlẹ́ńsà" yé mi jù.

Ẹyọ kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bá wa dá sí. Kí ni ká pe nǹkan róbótó náà fúnra rẹ̀? A ò lè pè é ní mọ́tò, torí odindi ọkọ̀ ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀.