Iyè ni, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àlàyé tí ẹ ṣe lédè wa nípa fíìmù adẹ́rùbani tí Ken Russell gbé jáde ní 1980, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Au-delà du réel. Ẹ ní ọ̀jọ̀gbọ́n Jessup inú fíìmù náà, tó ń wọ inú àgbá omi kan tó ṣókùnkùn, ń fi "ẹ̀rí ọkàn" ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Èdè Faransé ló gbé wa ṣubú. Conscience tiwọn ru ẹrù méjì: èyí tó ń bá èèyàn wí bó bá hùwà ibi, àti èyí tó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun rèé, ibi tí òun wà rèé. Àwa tó jẹ́ Faransé la fi kàwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, a máa ń gbé méjèèjì fún ẹ̀rí ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló ń jẹ́: ó ń dáni lẹ́bi, ó ń dáni láre. Jessup ò bá ẹjọ́ kankan wọ inú àgbá omi.

Àbúrò wa ní Kétu dábàá "ìmọ̀lára". Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ wo àgbá yẹn. Òkùnkùn biribiri, kò sí ìró, omi rẹ̀ ò gbóná bẹ́ẹ̀ ni kò tutù. John Lilly, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1954, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ á sùn lọ bí ojú, etí àti awọ ara ò bá mú ìròyìn wá fún un mọ́. Kò sùn. Ìmọ̀lára ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù la ń wá orúkọ fún.

Ẹ̀mí ńkọ́? Bí ẹ̀mí bá bọ́, òkú ni, Jessup ò sì kú.

Àbúrò ìyá mi ṣubú lẹ́bàá kànga ilé wa lọ́jọ́ kan. A wọ́n omi sí i lójú, ó lajú, ó wá ń bi wá pé ilé ta nìyí. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì wá ní, "Ó ti jí, àmọ́ iyè rẹ̀ ò tíì wálé." Ó ya jíjí sọ́tọ̀, ó ya iyè sọ́tọ̀. Nígbà tí Jessup mu àgbo tó gbà lọ́wọ́ àwọn ará Mẹ́síkò tó sì di ẹ̀dá bí ọ̀bọ, tó pa ẹran jẹ nínú ọgbà ẹranko, ojú rẹ̀ là, imú rẹ̀ ń gbóòórùn, ìmọ̀lára rẹ̀ pé pérépéré. Iyè rẹ̀ ló ra. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú fíìmù náà nìyẹn, ju irun tó bò ó lára lọ.

Ẹ lè ní iyè ń tọ́ka sí ìrántí, bí a ṣe ń sọ oògùn ìsọ̀yè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí iyè rẹ̀ ra kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ nìkan, ó ń gbàgbé ara rẹ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ìyè, tó túmọ̀ sí wíwà láàyè. Bí a ò bá fi àmì ohùn sí i, wọ́n á kà á sódì. Nítorí náà, a ò gbọdọ̀ yọ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sí "ìdánwò lórí iyè ènìyàn" kí àwọn ọmọ tó mú èyí tó wà níbẹ̀ lò.